Àkùkọ Àwẹ̀ró àti Ogun Arógunyọ̀

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ó tì o. Gbogbo iṣu tí mo rí lẹ́nu yín nírọ̀lẹ́ yìí, ta ló gbé e mì? Ẹ jẹ́ kí n tún un pè. Ààlọ̀ o!

Ààààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fo odò, ó fo òkìtì, ó dá lórí Àkùkọ kan tí kò lè pa ẹnu mọ́, àti ogun kan tí etí rẹ̀ gùn ju ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìwọ Mopélọ́lá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ti àbúrò rẹ, mo ń rí ọ. Ẹ fara balẹ̀.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí ẹranko ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí ènìyàn sì ń dá a lóhùn, abúlé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń jí, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sùn. Bí ẹnìkan bá yọ̀ ṣubú létí odò, á kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín ná kó tó dìde. Wọn kò ní odi, wọn kò ní ọmọ ogun. Ọkọ́ àti àdá ni irin tí wọ́n ní, ilẹ̀ oko nìkan ni wọ́n sì ń fi wọ́n bá jà.

Opó kan wà ní Ẹlẹ́rìn-ín yìí, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Kò ní ọmọ, kò ní ewúrẹ́, kò ní àgùntàn. Àkùkọ kan ṣoṣo ló ní. Òun náà sì ni àkùkọ kan ṣoṣo tó kù ní gbogbo abúlé, torí pé ọdún iṣu tuntun ti kó àwọn yòókù lọ sínú ọbẹ̀. Ogbe orí rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe ń rìn ní àgbàlá, gọ̀ọ́gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ ó rò pé òun ló ni ilé Baálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, á na ọrùn, á lu apá pàpàpà, á ní: "Kékeréékéèèè!" Gbogbo abúlé á jí. Àwẹ̀ró á sì kí i pé, "O kú iṣẹ́ o, ọkọ mi." Inú Àkùkọ á dùn. Ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ púpọ̀. Ẹ wò ó, ta ni kò fẹ́ràn tirẹ̀?

Ní ọjọ́ kan, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, Pẹ́pẹ́yẹ kan rìn wọ abúlé, hẹ́bẹhẹ̀bẹ, hẹ́bẹhẹ̀bẹ. Eérú bo gbogbo ìyẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. Baálẹ̀ Ọ̀jẹ́níyì, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí wọn, ní, "Pẹ̀lẹ́ o, àlejò wa. Níbo lo ti ń bọ̀?"

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Abà Ọlọ́dàn ni, Baba."

"Àwọn ará Ọlọ́dàn ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Baba, kò sí àwọn ará Ọlọ́dàn mọ́."

Ẹ̀rín bá kú mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Pẹ́pẹ́yẹ wá sọ fún wọn pé ogun kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, Balógun Arógunyọ̀ ni ẹni tó ń darí rẹ̀. Ogun náà kò wá gba ilẹ̀, kò wá gba iṣu. Pípa ló wá pa. Ó pa arúgbó lórí ẹní, ó pa ìyá pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó pa ẹni tó sá, ó sì pa ẹni tó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àwọn ará Ọlọ́dàn ti sá sínú igbó kó tó dé. Arógunyọ̀ wá wọn títí, ó sú u. Ó ti fẹ́ yí padà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àkùkọ wọn kọ. Amí ogun, ẹni tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀nà, bá nàka sí igbó, ó ní, "Ibi tí àkùkọ bá ti kọ, ènìyàn wà níbẹ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Àkùkọ wa ló pa wá. Kì í ṣe ẹni ibi o. Ilẹ̀ ló mọ́, ló bá kí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe rí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Omi. Ẹ̀yin ló kàn báyìí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó dun èmi náà láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ogun tó bá fo òkú dá, irọ́ ni. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀rín ṣì ń bọ̀.

Àwọn ará Ẹlẹ́rìn-ín sunkún. Wọ́n sunkún tán, wọ́n di ẹrù, wọ́n gba inú igbó lọ sí ihò àpáta ńlá kan. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Baálẹ̀ kó gbogbo ẹran ọ̀sìn jọ. Ó ní, "Ajá, o ò gbọdọ̀ gbó."

Ajá ní, "Mo ti gbọ́, Baba."

"Ewúrẹ́, o ò gbọdọ̀ ké."

Ewúrẹ́ ní, "Mo ti gbọ́, Baba."

"Àkùkọ, o ò gbọdọ̀ kọ."

Àkùkọ dorí kodò. Ó ní, "Èmi náà ti gbọ́, Baba. Ọ̀fun mi nìkan ni kò gbọ́."

Baálẹ̀ bá fa ọ̀bẹ yọ. Àwẹ̀ró wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní, "Baba, ẹ dákun, ẹ má pa á. Òun nìkan ni ẹni tó ń jí mi láyé. Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí i."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ogun ṣì jìnnà. Wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ogun bá dé etí odò, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì dákẹ́, ọrùn rẹ̀ ni n ó gé. Ẹ̀mí gbogbo wa ló wà lẹ́nu àkùkọ kan yìí." Ẹ má bá Baálẹ̀ bínú o. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, tí ẹ ru ọmọ gbogbo abúlé sí ọrùn, kí lẹ ó ṣe?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró fi apẹ̀rẹ̀ bo Àkùkọ mọ́lẹ̀, ó kó aṣọ lé apẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta lé aṣọ. Ó ní, "Ọkọ mi, bí o ò bá rí ìmọ́lẹ̀, o ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́." Àkùkọ ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń là, Àwẹ̀ró gbọ́ orin lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kó ṣubú:

Àwẹ̀ró, ìyá mi o,
*Kéréjẹ́n, kéréjẹ́n.*
Ọ̀fun ń yún mi, ó ń yún mi,
*Kéréjẹ́n, kéréjẹ́n.*
Mo gbé e mì, kò lọ o,
*Kéréjẹ́n, kéréjẹ́n.*
Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà o,
*Kéréjẹ́n, kéréjẹ́n.*
Ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń mọ́ o,
*Kéréjẹ́n, kéréjẹ́n.*

"Kékeréékéèèè!" Òkúta yí dànù, gbìì! Aṣọ fò, apẹ̀rẹ̀ dojú dé. Baálẹ̀ di etí.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró já ata wẹẹrẹ kún igbá. Ó ní, "Jẹ ẹ́ tán, ọkọ mi. Ata á jó ọ lọ́fun, o ò ní lè sọ̀rọ̀." Àkùkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ata jẹ, kọ́, kọ́, kọ́. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó nu ẹnu mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó dùn o, Ìyá. Ṣé ó kù?" Ajá rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ta ló sọ fún yín pé ata ń ta ẹyẹ?" Nígbà tí ilẹ̀ là, orin tún bẹ̀rẹ̀: Àwẹ̀ró, ìyá mi o, kéréjẹ́n, kéréjẹ́n. "Kékeréékéèèè!" Ti ọjọ́ náà tilẹ̀ lọ sókè ju ti àná lọ, àfi bí ẹni pé ata ti bá a fọ ọ̀fun mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró fa ọ̀já rẹ̀ ya, ó dì í mọ́ Àkùkọ lẹ́nu, ó ta á ní kókó, ó tún kókó ta. Ó ní, "Ó parí." Ilẹ̀ là. Ojú Àkùkọ ràn, ọrùn rẹ̀ wú, ó fi ẹsẹ̀ talẹ̀, ni ohùn bá gba imú jáde: "Húnhúnhúúúhùùùn!" Àwọn àdán inú ihò fò yọ lẹ́ẹ̀kan náà, Ewúrẹ́ rò pé ẹkùn ni, ó fo Baálẹ̀ kọjá, Baálẹ̀ sì yí látorí òkúta sínú ọbẹ̀ àná. Àwọn ará Ẹlẹ́rìn-ín gbàgbé ogun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu ara wọn.

Ibi ẹ̀rín ni wọ́n wà tí Pẹ́pẹ́yẹ, tó lọ ṣọ́nà, sáré wọlé. Ó ní, "Ogun ti dé etí odò. Mo rí èéfín wọn."

Baálẹ̀ dìde, ọbẹ̀ ń kán lára rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Omijé wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, má bínú sí mi." Àwẹ̀ró tú ọ̀já kúrò lẹ́nu Àkùkọ, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Àkùkọ ní, "Baba, ẹ dúró. Bí ẹ bá pa mí, ogun á ṣì máa wá yín kiri títí wọn á fi rí yín. Ṣebí wọ́n ní ibi tí àkùkọ bá ti kọ, ènìyàn wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ níbi tí kò sí ènìyàn."

Àwẹ̀ró ní, "Wọ́n á pa ọ́, ọkọ mi."

Àkùkọ ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ohùn mi pa yín." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fò jáde, fìrì!

Ó sáré, ó fò, ó sáré, ó fò, títí ó fi dé igbó wèrèpè tó wà ní òdìkejì odò. Ẹ mọ wèrèpè? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ fọwọ́ kàn án lọ́la kó wá jábọ̀ fún mi. Oòrùn kò tíì yọ tán. Àkùkọ gun orí òkìtì kan, ó na ọrùn. Ègbè ti yí padà o:

Arógunyọ̀, olórí ogun,
*Kéréke, ẹ máa bọ̀.*
Ibi mo ti ń kọ nilé wà,
*Kéréke, ẹ máa bọ̀.*
Iyán ń bẹ ńlẹ̀, ẹran ń bẹ ńlẹ̀,
*Kéréke, ẹ máa bọ̀.*
Ẹ má wolẹ̀, ẹ tẹ̀lé ohùn,
*Kéréke, ẹ máa bọ̀.*

"Kékeréékéèèè!"

Amí ogun na etí. Ó ní, "Balógun, mo gbọ́ ọ! Ibi tí àkùkọ bá ti kọ, ènìyàn wà níbẹ̀." Arógunyọ̀ fa idà yọ, ṣìì! Ogun ya wọ igbó wèrèpè, wùùù! Kò pẹ́ kò jìnnà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Wọ́n ń họ ikùn, wọ́n ń họ ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn sọ apata rẹ̀ nù kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì họra. Òmíràn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi fi ọ̀kọ̀ yín họ ẹ̀yìn níbí. Rárá, òkè díẹ̀. Yéè, kì í ṣe ẹnu rẹ̀!" Wọn kò rí ilé, wọn kò rí ènìyàn.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Àkùkọ ti wà nínú ọ̀dàn níbi tí ìjàlọ ń tò lọ. Olórí ìjàlọ gbójú sókè, ó ní, "Àkùkọ, kí lo wá ṣe lójú ọ̀nà wa?"

Àkùkọ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìjàlọ, orin ni mo wá kọ. Àwọn àlejò kan ń bọ̀, wọn kì í wo ilẹ̀ tí wọ́n bá ń rìn."

Olórí ìjàlọ ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀."

Ó bá kọ ọ́: Arógunyọ̀, olórí ogun, kéréke, ẹ máa bọ̀. "Kékeréékéèèè!" Ogun dé gìrìgìrì, wọ́n tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀. Háà! Ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò. Àwọn akọni tó ń pa ọmọ ọwọ́ wá ń jó ijó tí ẹnìkan kò kọ́ wọn. Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń pariwo, "Yéè! Yéè! Ó wà níbẹ̀!" Amí ogun bọ́ ṣòkòtò, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní, "Balógun, ẹ jẹ́ kí á padà. Ọkàn mi kò bá àkùkọ yìí lọ."

Arógunyọ̀ bú u. Ó ní, "Òmùgọ̀! Níbo lo ti rí àkùkọ tó ń dá gbé inú igbó? Níbi tí adìyẹ bá wà, ẹni tó ń da àgbàdo fún un kò jìnnà. Ẹ máa lọ!"

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, Àkùkọ dé irà ńlá kan. Koríko tutù bo ojú irà náà, ẹ ó rò pé pápá ni. Igi gbígbẹ kan wà láàárín rẹ̀. Àkùkọ fò lé e, ẹnu rẹ̀ gbẹ, apá ń ro ó. Ó kọ orin náà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbè é fún mi kó rí okun gbà: Arógunyọ̀, olórí ogun!

*Kéréke, ẹ máa bọ̀!*

"Kékeréékéèèè!"

Arógunyọ̀ rí i lókèèrè. Ó ní, "Ẹ wò ó! Ọwọ́ ti bà wọ́n!" Wọ́n sáré wọ inú koríko. Gbọ̀ọ̀! Ẹrẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n fa ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì rì. Fọ̀ọ́! Ẹrẹ̀ dé ìdí. Amí ogun ju ọ̀kọ̀ nù, ó bọ́ ẹ̀wù ogun, ó fàyà wọ́ padà, ó di koríko mú títí ó fi dé orí ilẹ̀ líle. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Ìhòòhò ni gbogbo wọn bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí ìlú wọn, ẹnìkan kò wẹ̀yìn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti ké sí olórí wọn pé, "Balógun, ẹ bọ́ ẹ̀wù yín!" Irin ló bo ẹ̀wù náà látòkè délẹ̀. Arógunyọ̀ ní, "Èmi? Kí èmi bọ́ra níwájú adìyẹ?" Kò bọ́ ọ. Ẹrẹ̀ dé àyà rẹ̀.

Ó wò yíká, kò rí ẹnìkan. Ó gbójú sókè wo Àkùkọ. Ó ní, "Ìwọ tí ò ń kọ, àwọn ènìyàn rẹ dà?"

Àkùkọ ní, "Wọn kò sí níbí."

Ohùn Arógunyọ̀ wá rọ̀. Ó ní, "Àkùkọ, jọ̀ọ́. Ohùn rẹ ń dún jìnnà. Bá mi pe àwọn tó wà nítòsí, kí wọ́n wá fà mí yọ."

Àkùkọ kò tíì kọ̀ rí fún ẹni tó bá ní kó kọ. Ó kọjú sí ọ̀nà Ọlọ́dàn: "Kékeréékéèèè!" Ilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kọjú sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Omi: "Kékeréékéèèè!" Ewé kan kò mì.

Arógunyọ̀ ní, "Tún kọ! Kí ló dé tí wọn kò dáhùn?"

Àkùkọ ní, "Balógun, àwọn tó wà nítòsí ni mo ń pè. Ẹ ti pa wọ́n tán."

Arógunyọ̀ ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ẹrẹ̀ ló wọ ẹnu rẹ̀. Gbùlù. Ó tán.

Nínú ihò àpáta, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọn kò gbọ́ ohùn kankan. Oorun gbé gbogbo wọn lọ títí oòrùn fi wọlé bá wọn. Àwẹ̀ró dìde, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Yéè, wọ́n ti pa á." Baálẹ̀ ní, "Bó bá kú, a ó gbé òkú rẹ̀ wálé." Wọ́n mú Ajá ṣáájú, wọ́n ń wá Àkùkọ kiri. Wọ́n gba ibi wèrèpè, wọ́n gba ibi ìjàlọ, wọ́n dé irà, wọ́n bá ọ̀kọ̀ àti ẹ̀wù ogun nínú ẹrẹ̀, wọn kò rí ọmọ ogun kankan. Ẹnìkan wà lórí igi gbígbẹ, ó ká ọrùn mọ́ àyà, ó ń wò wọ́n. Ó la ẹnu: "Kẹ̀... kẹ̀... kẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti há.

Àwẹ̀ró ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ìgbà tí a bẹ̀ ọ́ kó o dákẹ́, o ò dákẹ́. Ìgbà tí à ń wá ọ, ìgbà yẹn lo wá dákẹ́?" Baálẹ̀ Ọ̀jẹ́níyì tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ sórí irà, ó fàyà fà lórí rẹ̀, ó gbé Àkùkọ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀ líle, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, tòun ti ẹrẹ̀. Ó ní, "Díẹ̀ ló kù kí n pa ẹni tó gbà wá."

Kí wọ́n tó padà sílé, wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ọlọ́dàn àti Ìsàlẹ̀-Omi, wọ́n sin àwọn òkú. Pẹ́pẹ́yẹ ń dárúkọ àwọn tirẹ̀, wọ́n ń sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ohùn Àkùkọ padà bọ̀ sípò, ó jí ní kùtùkùtù, ó kọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ní, "Hòo!" Ó kọjú sí Ọlọ́dàn, ó kọ. Ibẹ̀ dákẹ́. Àwẹ̀ró dìde lórí ẹní, ó dáhùn fún wọn: "Hòo!" Ó kọjú sí Ìsàlẹ̀-Omi, ó kọ. Gbogbo abúlé, tọmọdé tàgbà, dáhùn: "Hòo!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ láti ìgbà náà, kí àkùkọ má baà pe ẹnìkan kó má rí ẹni dá a lóhùn.

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ mi kọ́ wa nìyí: ẹni tó bá pa gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ti pa ẹni tí ì bá fà á yọ lọ́jọ́ tó bá rì sínú ẹrẹ̀. Ó sì tún kọ́ wa pé kí á fara balẹ̀ kí á tó mú ọ̀bẹ sí ẹni tí ìwà rẹ̀ ń dà wá láàmú, torí ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ bínú sí i lè jẹ́ ohun tí yóò gbà wá.

Ibi tí mo gbé e dé rèé, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí irọ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ pè mí lọ́la kí n má gbọ́. Bó bá dùn mọ́ yín, ẹ dá mi lóhùn.

Hòooo!